Eegun Kì í Ṣe Ẹja

Wọ́n ní iṣẹ́ kì í pani, ṣùgbọ́n ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò fi ọdún mẹ́rìndínlógún jókòó sídìí àtẹ kan náà rí. Aláfiwé ni wọ́n ń pe obìnrin yìí ní ọ́fíìsì. Akọ̀wé kan ló fi orúkọ náà ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́sí. Akọ̀wé náà ti fẹ̀yìn tì, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ, ó sì gbàgbé orúkọ náà sílẹ̀. Yàrá tí Aláfiwé ti ń ṣiṣẹ́ wà lábẹ́ àtẹ̀gùn. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri, fáànù rẹ̀ ń yí bí ẹni tí wọ́n ń bẹ̀. Ẹsẹ̀ kan tábìlì rẹ̀ sì kúrú, ẹ̀dà àtijọ́ ìwé àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́rin ló fi tì í.

Orílẹ̀-èdè mẹ́rin yìí ń pẹja nínú òkun kan náà, wọ́n sì ń fura síra wọn bí orogún. Ẹja tó fa gbogbo ìfura náà ni ẹja onítàdáwà, ẹja ọlọ́wọ́ púpọ̀ tó máa ń tú omi dúdú jáde bí ẹ̀rù bá bà á, tí eegun funfun pẹlẹbẹ kan ṣoṣo sì wà nínú ẹ̀yìn rẹ̀. Ọdọọdún ni orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ń kọ iye tọ́ọ̀nù tó pa ránṣẹ́. Aláfiwé a tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí àtẹ, a fọwọ́ sí i, ìpàdé àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin a sì fi àtẹ náà pín òkun.

Ìlà méjì ló wà nínú àdéhùn. Ìlà òkè ti pé ọdún mọ́kànlélógún: orílẹ̀-èdè tó bá pa ju ẹgbẹ̀ta tọ́ọ̀nù lọ lọ́dún yóò so gbogbo ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ èbúté fún oṣù mẹ́rin, kí ẹja lè rí àyè bímọ. Ìlà ìsàlẹ̀ kò ju ọdún mẹ́ta lọ: orílẹ̀-èdè tí kò bá lè pa irínwó tọ́ọ̀nù fún ọdún mẹ́ta léra, wọn yóò gba ìwé àṣẹ ìdajì ọkọ̀ rẹ̀, wọn yóò sì fún àwọn tó lè pa á. Ọkọ̀ tó bá gbó jù ni wọn yóò kọ́kọ́ mú.

Lọ́jọ́ Ajé, iye tiwa wọlé láti èbúté. Irínwó tọ́ọ̀nù ó dín ogún ni, ọdún kẹta sì nìyẹn. Aláfiwé wo àwọn yòókù. Àwọn Ará Òkè-Omi pa ẹgbẹ̀ta ó dín mẹ́wàá. Àwọn Ará Erékùṣù pa ẹgbẹ̀ta ó dín ogójì. Àwọn Ará Ìsàlẹ̀-Omi, tí ọkọ̀ wọn kò tó tiwa, pa ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé mẹ́wàá. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nu ún, ó tún fi í sójú. Nọ́ńbà náà kò yí padà.

Ọ̀gá ọ́fíìsì sọ̀kalẹ̀ wá bá a fúnra rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, Aláfiwé lè bí i lọ́mọ.

"Mọ́mì, ṣé ẹ ti rí i?"

"Mo ti rí i, Ọ̀gá."

"Kì í ṣe pé ẹ rò ó ṣì?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo rò ó. Tí mo bá tún un rò lẹ́ẹ̀kẹrin, ẹja ò ní tinú kọ̀ǹpútà jáde."

Ọ̀gá fọwọ́ gbá iwájú orí. "Ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ìwé yìí gbọ́dọ̀ lọ. Ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ sí i o." Ó gun àtẹ̀gùn padà, Aláfiwé sì ń gbọ́ bàtà rẹ̀ lókè orí ara rẹ̀ títí ó fi dé yàrá rẹ̀.

Ohun tó wà lọ́kàn obìnrin náà kò ju ọkọ̀ kan ṣoṣo lọ. Ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ní gbogbo èbúté, kò sí ọkọ̀ tó gbó tó o.

Lọ́jọ́ kejì, Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ wọlé. Láti ọdún mẹ́rìndínlógún, kò fẹsẹ̀ tẹ ọ́fíìsì yẹn rí. Ó wọ bàtà rọ́bà, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí ń bẹ̀rù pé òun á ba ilẹ̀ jẹ́, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ yẹn ti bàjẹ́ tipẹ́.

"Ẹ jókòó, Ẹ̀gbọ́n."

"N ò wá jókòó. Mo gbọ́ pé nọ́ńbà wa ò dáa."

"Kò dáa."

"Àbúrò, òkun kún. Lánàá, àwọ̀n mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Ẹja wà, a sì ń pa á. Èwo wá ni ti irínwó dín ogún?"

"Ohun tí wọ́n kọ ránṣẹ́ láti èbúté ni mo kọ."

Ẹ̀gbọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. "Kọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta síbẹ̀. Kò kan ìlà òkè, kò kan ìlà ìsàlẹ̀. Gbogbo wa á sùn."

"Ẹ̀gbọ́n, irọ́ nìyẹn."

"Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n gba ìwé ọkọ̀ mi? Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń wà á."

Ọ̀rọ̀ náà dun Aláfiwé dé inú eegun. Ó fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Òun ló gbé e kọ́rùn lọ sí ilé-ìwé ní ọjọ́ tí òjò gbé afárá lọ. Ṣùgbọ́n ó dáhùn bí ó ti máa ń dáhùn irú rẹ̀: "Bàbá wa ò kọ́ wa bẹ́ẹ̀."

Ẹ ò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré nínú ìdílé náà. Ọgbọ̀n ọdún ni Bàbá wọn fi jẹ́ olùwọnja ní èbúté, kò sì sẹ́ni tó lè ka ẹ̀ṣẹ̀ kan sí i lọ́rùn. Òun ló ṣe òfin pé ẹja onítàdáwà kò gbọdọ̀ gun òṣùwọ̀n àfi tí wọ́n bá ti yọ eegun, ìfun àti àpò tàdáwà rẹ̀, tí wọ́n ṣan án, tí omi sì ti ro kúrò lára rẹ̀. Ó ní olóòótọ́ kì í ta omi àti eegun fún ọmọnìkejì. Ó fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sí ara ògiri: EEGUN KÌ Í ṢE ẸJA. Àwọn òṣìṣẹ́ èbúté máa ń fi búra. Aláfiwé alára, gbogbo ìgbà tí ẹnìkan bá ní kó yí nọ́ńbà kan padà, ògiri yẹn ló máa ń rí.

Nígbà tí ó dárúkọ Bàbá, Ẹ̀gbọ́n wò ó tìyanu-tìyanu. Ó ní, "Ó dáa," ó sì lọ.

Lọ́jọ́rú, Aláfiwé gba àyè, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí èbúté láti fojú ara rẹ̀ rí i. Bí òkun bá kún tí òṣùwọ̀n sì ń sọ pé kò kún, ó yẹ kí ẹnìkan béèrè lọ́wọ́ òṣùwọ̀n. Orúnkún ń dùn ún, oòrùn mú ganrínganrín. Nínú ilé ìwọnja, àwọn obìnrin tó ń ṣan ẹja dúró sídìí tábìlì gígùn, ọ̀bẹ ń lọ, omi dúdú ń ṣàn lọ sí gọ́tà. Lẹ́yìn ilé náà ni òkìtì eegun wà. Kékeré ni nígbà tí Aláfiwé wà ní ọ̀dọ́. Ní báyìí, ó ti ga ju fèrèsé lọ, ó funfun, ó ń tàn yanran.

Ó ti rí gbogbo èyí rí láìmọye ìgbà, kò sì sí ohun tuntun níbẹ̀. Ohun tó dá a dúró ni àwòrán kan tó sọ sí i lọ́kàn, tí àwọn Ará Erékùṣù fi ṣe èèpo ìwé ìròyìn ọdún tó kọjá. Olùwọnja wọn ń rẹ́rìn-ín, ó dúró ti òṣùwọ̀n. Lórí òṣùwọ̀n náà, ẹja onítàdáwà kún dẹ́múdẹ́mú, lódindi, omi dúdú ń kán tótó lára wọn.

Ó bú sẹ́rìn-ín, àwọn obìnrin náà sì wò ó. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi ń fi ẹja tó wọṣọ wé ẹja tó wà ní ìhòòhò, kò sì mọ̀. Aláfiwé gbáà!

Ó pe olórí àwọn tó ń ṣan ẹja, obìnrin kan tí apá rẹ̀ dúdú dé ìgúnwọ́ nítorí iṣẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ bá mi wọn ọgọ́rùn-ún kílò kí ẹ tó ṣan án."

"Kí la fẹ́ fi ṣe? Bàbá yín á gún wa lójú oorun."

"Mo fẹ́ mọ nǹkan kan ni."

Wọ́n wọn ọgọ́rùn-ún kílò. Wọ́n yọ eegun, wọ́n yọ ìfun àti tàdáwà, wọ́n ṣan án, wọ́n jẹ́ kó ro. Wọ́n tún un wọ̀n: ọgọ́ta kílò. Wọ́n ṣe ẹ̀ẹ̀kejì: ọgọ́ta ó dín ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kẹta: ọgọ́ta ó lé ọ̀kan.

Inú Aláfiwé dùn, ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́. Fún ìgbà díẹ̀ àárẹ̀ kúrò lára rẹ̀. A kì í ṣe ìkẹyìn! Wọn kò ní gba ọkọ̀ ẹnikẹ́ni! Ó yọ bírò, ó ṣírò rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ nítorí pé kò mú ìwé dání. Irínwó ó dín ogún, bí a bá dá eegun, ìfun àti tàdáwà rẹ̀ padà, á jẹ́ ẹgbẹ̀ta ó lé mẹ́tàlélọ́gbọ̀n.

Ó wo àtẹ́lẹwọ́ náà. Ó jókòó lórí apẹ̀rẹ̀ tó dojú dé. Ẹgbẹ̀ta ó lé mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ti fo ìlà òkè. Gbogbo ọkọ̀ ni wọn yóò so mọ́lẹ̀ fún oṣù mẹ́rin, ti Ẹ̀gbọ́n náà sì wà nínú wọn. Àárẹ̀ tó lọ yẹn padà wá, ó sì mú ẹbí rẹ̀ dání.

Ìròyìn èbúté kì í wọ bàtà. Lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, Ẹ̀gbọ́n ti dúró dè é lẹ́nu géètì ọ́fíìsì.

"Ta ló rán ọ lọ wọn ẹja?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀."

"Mi ò kí ẹ! Mo ní ta ló rán ọ? Mo ní kó o kọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ìwọ lọ ń hú eegun. Ọkọ̀ tó bá dúró sójú kan lóṣù mẹ́rin, kòkòrò omi á jẹ ẹ́. Ọkọ̀ titun á fara dà á. Tèmi ti darúgbó. Tó bá jókòó báyìí, kò ní dìde mọ́."

"Ṣé kí n wá ṣe bí ẹni tí ò rí ohun tó rí ni? Bàbá kọ́ wa pé . . ."

"Bàbá!" Ẹ̀gbọ́n fi ọwọ́ gbá géètì. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ rọ̀, bí ẹni pé ó rẹ òun náà. "Lọ bi Bàbá ní ọdún tí wọ́n kọ ohun tó wà lára ògiri yẹn. Kó o sì wo ọdún tí wọ́n fa ìlà òkè. Ìwọ lo mọ̀wé, o ò fi ìyẹn wé ara wọn rí."

Aláfiwé kò wọlé sí ọ́fíìsì. Ó padà sílé.

Yàrá tí oòrùn ìyálẹ̀ta ń wọ̀ ni Bàbá wọn wà, nínú àga tí wọ́n fi ìrọ̀rí méjì tì lẹ́yìn. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Etí wọn ṣì ń gbọ́ ohun tí wọ́n bá fẹ́ gbọ́. Aláfiwé kúnlẹ̀ kí wọn, ó gé èékánná ẹsẹ̀ tó máa ń gé fún wọn ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, nítorí kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ìka karùn-ún ló tó béèrè.

"Bàbá, ọdún wo lẹ kọ ọ̀rọ̀ yẹn sára ògiri?"

Aláfiwé gé ìka mẹ́ta sí i.

"Ọdún tí wọ́n fa ìlà ni," wọ́n ní. "Ẹgbẹ̀rin tọ́ọ̀nù là ń pa nígbà náà. Wọ́n ní tá a bá ju ẹgbẹ̀ta lọ, ká so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ oṣù mẹ́rin. Ẹ̀yin mẹ́fà lẹ wà lọ́rùn mi. Gbogbo ilé tó wà ní àdúgbò, ẹja ni wọ́n ń jẹ. Mo ka àdéhùn yẹn lákàtúnkà. Mo rí i pé ó ní ká wọn ẹja. Kò sọ ìgbà tá a máa wọ̀n ọ́n."

"Ẹ̀yin lẹ wá ní ká kọ́kọ́ ṣan án."

"Èmi ni. Ẹgbẹ̀rin sì di nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta."

"Gbogbo ayé ń pè yín ní olóòótọ́!"

"Ṣé mo purọ́ ni? Ṣé eegun wá di ẹja ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà kò sì pẹ́. "Ẹ̀yin mẹ́fà lẹ jẹ nínú ẹ̀. Ìwọ lo jẹ jù. Àwọn tó kù lọ sójú omi, ìwọ lọ kàwé. Ìwé tó o kà yẹn, ara eegun ni mo ti mú un."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tiwa tiẹ̀ ti fi ọdún kan lé e. Inú bí Aláfiwé débi pé ó gbé ohun tó fi ń gé èékánná sílẹ̀ kó má baà ṣe wọ́n léṣe. Ọdún mẹ́rìndínlógún! Bí àwọn ènìyàn ṣe ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fi díẹ̀ kún un, kó yọ díẹ̀ kúrò, tí òun ń yan kọjá lára wọn nítorí ògiri kan. Ìbínú náà gbóná, ṣùgbọ́n kò rí agbára gbé e pẹ́. Ó bojú wo ẹsẹ̀ baba náà, ẹsẹ̀ tó ti rù, ìka méjì ló kù.

"Kí ni kí n wá kọ, Bàbá?"

"Èmi kọ́ ni mo jókòó síbẹ̀."

Ó gé ìka méjì tó kù.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó jókòó sídìí àtẹ. Ó kọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta síbẹ̀, ká má parọ́. Ó fẹ́ wò ó bí yóò ṣe rí ni. Ó rí wẹ́rẹ́, nọ́ńbà tó dọ́gba, tí kò légbò kankan lára. Gbogbo ènìyàn á sùn, gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀gbọ́n ti wí. Ó wò ó fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Òkìtì eegun ló ń rí. Ọdún mọ́kànlélógún la fi ń pa ju ìlà lọ, tí ẹja kò rí oṣù mẹ́rin sinmi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí iye tí à ń pa sì ń wálẹ̀: ẹgbẹ̀rin lọ́jọ́sí, ẹgbẹ̀ta àti díẹ̀ lónìí. Bó bá ń lọ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kò ní sí ẹja tí ènìyàn fẹ́ fi wé èkejì.

Ó pa ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta rẹ́. Ó kọ ẹgbẹ̀ta ó lé mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Níbi tí wọ́n ti ní kí ó sọ ìdí tí nọ́ńbà fi yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, ó kọ ọ́ pé: A kò wọn ẹja wa lódindi rí. Ó fọwọ́ sí i, ó gun àtẹ̀gùn lọ.

Ọ̀gá kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Mọ́mì, ẹ ti pa wá."

"Ẹ ní kí n fọwọ́ sí i, Ọ̀gá. Mo ti fọwọ́ sí i."

Ó dá a lójú pé ó yẹ kó sunkún nínú bọ́ọ̀sì, àmọ́ oorun ló gbé e lọ, ẹnìkan ló jí i ní ibùdókọ̀ rẹ̀.

Nígbà tó délé, oòrùn kò tíì wọ̀ tán. Ó bá Ẹ̀gbọ́n nínú yàrá Bàbá. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó ti bọ́ bàtà rọ́bà kan, ìkejì ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Okùn ti hó ọwọ́ rẹ̀. Kò wo ojú àbúrò rẹ̀. Aláfiwé ti mọ̀ pé àwọn tó wà ní òkè àtẹ̀gùn ti tẹ èbúté láago, àti pé ọkọ̀ náà ti wà lórí ìso.

"Kí lo kọ?" Bàbá béèrè.

"Ẹgbẹ̀ta ó lé mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, Bàbá."

Bàbá di ọwọ́ àga mú. "Àwọn Ará Òkè-Omi ńkọ́?"

"Ẹgbẹ̀ta ó dín mẹ́wàá."

"Ará Erékùṣù?"

"Ẹgbẹ̀ta ó dín ogójì."

"Àwọn Ará Ìsàlẹ̀-Omi, àwọn onífáàrí yẹn?"

"Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé mẹ́wàá."

Àgbà náà ń ka ìka ọwọ́, ètè wọn ń mì.

"A jẹ́ pé àwa la ṣe ìkíní."

"Àwa la ṣe ìkíní, Bàbá."

"Mo mọ̀," wọ́n ní. Omijé dé ojú wọn, wọn kò nù ún. "Láti ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti mọ̀. Ọdọọdún là ń ṣe ìkíní. N ò rẹ́ni sọ ọ́ fún."

Aláfiwé yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń retí kí ó bínú, nítorí bí ẹnìkan bá ní ẹ̀tọ́ láti bínú nínú ilé yẹn, òun ni. Ẹ̀gbọ́n fa bàtà kejì bọ́. Ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lẹ́bàá ògiri bí bàtà tí kò ní jáde lọ́la.

"Kà á sókè," ó ní, "kí èmi náà gbọ́."

Ó ti rẹ Aláfiwé. Ó yọ ẹ̀dà àtẹ náà látinú báàgì, ó fi gíláàsì sójú, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó kéré jù, kí tiwa lè gbẹ̀yìn.